Ilẹ̀kùn Tí Kì í Ṣí Láti Ìta

“Bí mọ́tò yẹn bá ti ń rìn, kí ẹ wá fi gbé mi lọ sílé, Bàbá Ṣìkẹ́mi.”

Ọ̀rọ̀ tí Àtinúkẹ́ sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Lásúnkànmí ní, “Ó dáa.” Ó jáde lọ ra omi. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú.

Ṣìkẹ́mi ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ilé ọkọ ló sì wà ní Jọ́ọ̀sì. Tọkọtaya náà nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn méjèèjì àti mọ́tò.

Mọ́tò olówó ni nígbà ayé rẹ̀. Oníṣòwò obì kan ní Ṣàgámù ló ni ín. Ó gùn gbọọrọ, awọ pupa ni ìjókòó rẹ̀, aṣọ sì ni rúùfù rẹ̀, wọn a máa ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Òun ni oníṣòwò náà yá Lásúnkànmí àti Àtinúkẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni háńdù ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyàwó já, tó sì sọnù sáàárín èrò. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wà nínú mọ́tò nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ẹni tó wà níta.

Nígbà tí oníṣòwò náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pa mọ́tò tì sábẹ́ igi obì kan ní Ibido, adìyẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Lásúnkànmí, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì nígbà náà, rà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun yóò jí i dìde. Bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, yóò ti Ṣàgámù bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí Ìbàdàn, páàtì ló ń wá kiri. Páàtì ọ̀hún wọ́n bí ojú. Ẹni tó ní kabúrétọ̀ kò ní gíláàsì iná. Ẹni tó ní gíláàsì, ti ẹ̀gbẹ́ òsì ló ní, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì ni Lásúnkànmí ń wá.

Àtinúkẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti mú sípánà, a ní, “Ẹ bá mi kí orogún mi o. Ẹ sọ fún un pé èmi ni ìyálé.” Bó bá wá di ọ̀rọ̀ háńdù, ẹ̀rín ni yóò máa rín. “Ẹ máa wá a lọ. Ẹ ò mọ ibi tí ohun yín wà.”

Nígbà tó kú, mọ́tò kò tíì rìn. Mọ́tò tí wọ́n háyà ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé. Bàbá Fábíyìí, ẹ̀gbọ́n ìyá olóògbé, ló jókòó tì í lẹ́yìn. Ojú bàbá náà ti fọ́, ṣùgbọ́n òun ni àgbà ilé, òun ni iṣẹ́ náà sì tọ́ sí. Iṣẹ́ náà ni pé ẹni tó bá jókòó ti òkú nínú mọ́tò yóò máa pe orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n bá kọjá sí i létí, kí ó lè mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun gbà, kí ó má sì sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ilé. Lásúnkànmí jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn, bí ẹni ń gbọ́ omi lábẹ́ afárá. Kò gbọ́ ohun tó ń wí.

Nígbà tí wọ́n délé, kí àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, Lásúnkànmí fúnra rẹ̀ ló ṣí pílásítà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi lẹ abẹ́rẹ́ omi mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú iná. Wọ́n sin Àtinúkẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Lásúnkànmí fa tapólì bo mọ́tò, kò sì tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ ti dé kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́tò níwájú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yísà kan ilẹ̀kùn. Yísà ń ta páàtì àlòkù lẹ́bàá oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà tuntun tó ti Èkó wá gbà kọjá. Ó gbé ohun kan dání nínú ìwé ìròyìn.

“Bàbá, gíláàsì yín ti dé o. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.”

“N kò rán ọ níṣẹ́, Yísà.”

“Màmá ló rán mi.”

“Màmá wo?”

“Màmá ilé yín náà ni. Wọ́n wá bá mi ní ìsọ̀. Wọ́n ní ẹ ti ń sinmi jù.” Yísà rẹ́rìn-ín. “Wọ́n tún ní kí n bá àwọn kí orogún wọn.”

Lásúnkànmí di férémù ilẹ̀kùn mú. “Kí ló wọ̀?”

“Aṣọ funfun ni wọ́n fi wéra. Ara wọn ò le, àbí? Mo rí pílásítà lẹ́yìn ọwọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní rárá, pé àwọn ń dúró de mọ́tò ní oríta.”

“Yísà, a ti sin ín láti ìgbà òjò.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Yísà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra gbé gíláàsì náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ojú títì. Kò dágbére.

Gíláàsì náà wọ ojú iná wẹ́kú. Nígbà tí Lásúnkànmí gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ló gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni páàtì tó ti wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wálé. Dírẹ́bà kan láti Òde Rẹ́mọ já sípíríìnì rúùfù sílẹ̀ níwájú ilé, ó ní obìnrin kan ní oríta ló bẹ òun kí òun bá a fi jíṣẹ́. Kabúrétọ̀ dé bákan náà. Gbogbo wọn ló ń rùn bí ilé ìwòsàn. Lásúnkànmí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó ń gbà á, ó ń dè é mọ́ mọ́tò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu epo díẹ̀ sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dún. Ó pa á kíákíá kí ará àdúgbò má baà gbọ́. Háńdù ilẹ̀kùn nìkan ló kù.

Ọjọ́ kejì, ó wọ takisí lọ sí oríta.

Àwọn tírélà ń kù lọ, eruku ọyẹ́ sì bo gbogbo nǹkan. Obìnrin ọlọ́sàn kan, Sàdíátù, jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ó ń bó ọsàn.

“Ẹ wá ra ọsàn o, bàbá. Oyin ni. Bí kò bá dùn, ẹ dá èèpo rẹ̀ padà fún mi.”

“Obìnrin kan ni mò ń wá. Ó wé aṣọ funfun.”

“Ṣé ìyá tó ń dúró de mọ́tò?” Sàdíátù fi ẹnu ọ̀bẹ júwe. “Àwọn nìyẹn lórí búlọ́ọ̀kù. Wọn kì í rà, wọn kì í tà. Mo fún wọn lọ́sàn, wọ́n kàn gbé e dání ni. Bí mọ́tò àtijọ́ bá ti ń bọ̀, wọ́n á dìde.”

Lásúnkànmí wo búlọ́ọ̀kù náà. Kò rí ẹnì kankan. Eruku bo gbogbo búlọ́ọ̀kù yòókù, ṣùgbọ́n orí ìyẹn mọ́ tónítóní, ọsàn kan sì wà níbẹ̀.

“Èmi ò rí i,” ló wí.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Sàdíátù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?”

“Ìyàwó mi ni. Ó ti kú.”

Èèpo ọsàn já bọ́. Sàdíátù kò wo Lásúnkànmí, búlọ́ọ̀kù ló ń wò.

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀, bàbá.”

“Kí ló ń wí?”

“Wọ́n ní, ‘Wọ́n sọ fún mi pé mo ti délé. Mo sọ̀kalẹ̀. Èmi ò rí ilé.’” Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Wọ́n ní kí ẹ na ọwọ́ yín.”

Lásúnkànmí na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. Oòrùn ń jó o lẹ́yìn ọwọ́. Lójijì, ohun kan bọ́ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó wúwo, ó tutù bí omi inú kànga. Ó wò ó. Háńdù ilẹ̀kùn ni, ó ń dán, kò ní ìpáàrà kankan. Pílásítà funfun ni wọ́n fi so àwọn síkúrù rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó mọ̀ ọ́n. Ti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni. Ìgbà yẹn ló tó mọ ọwọ́ tó gbé e pamọ́, àti ohun tí obìnrin náà fi í rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Kò padà sílé tààrà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Fábíyìí ló kọ́kọ́ yà sí. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń yá oòrùn ìrọ̀lẹ́.

“Bàbá, lọ́jọ́ tí a gbé Àtinúkẹ́ bọ̀, àwọn ìlú wo lẹ pè fún un?”

“Èwo ló tún ṣẹlẹ̀, àna mi? Èyí tó yẹ ni mo pè. Mo pe Ìkòròdú. Mo pe Ògijo. Mo pe Ṣàgámù.”

“A ò gba Ìkòròdú, Bàbá. Ọ̀nà tuntun la gbà.”

Ọwọ́ Bàbá ń wá ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí i mú.

“Kò sí ẹni tó sọ fún mi,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Bí ara mi ṣe mọ ọ̀nà àtijọ́ ni mo ṣe ń pè é. Nígbà tó yá, mọ́tò dúró. Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ ẹkún àwọn obìnrin. Mo ní àwọn ará ilé ló jáde pàdé wa.”

Lásúnkànmí rántí. Tírélà kan ló ṣubú ní oríta lọ́jọ́ náà, tó dí ọ̀nà. Àwọn èèyàn ló ń ké.

“Kí lẹ wí fún un, Bàbá?”

“Mo ní, ‘Àtinúkẹ́, a ti dé Ìkẹ́nnẹ́. A ti délé. Sọ̀kalẹ̀.’ Mo ti pe ìpè mi parí. Oorun sì gbé mi lọ.” Omi ń jáde lójú tí kò ríran. “Ẹ̀yin tí ẹ lójú ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò wí?”

Lásúnkànmí mú ọ̀pá náà, ó fi lé bàbá lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí bàbá nu ojú, ó sọ ohun tó kù láti ṣe. “Ṣé o ṣèlérí mọ́tò fún un? Mọ́tò yẹn ni kí o gbé lọ. Pè é lórúkọ. Sọ fún un pé a ṣì í lọ́nà. Ṣí ilẹ̀kùn fún un láti ìta, bí wọ́n ṣe ń ṣí i fún ìyàwó. Kí o wá máa pe ọ̀nà fún un ní òtítọ́ títí dé ojú oórì. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn náà, ó parí. Kò sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́. Kí ni ì bá tún máa dúró dè?” Bàbá yí ojú sí i. “Má pẹ́ o. Òkú tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà a máa gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Bó bá gbàgbé, ta ni yóò dáhùn nígbà tí o bá ń pè? Àbí mọ́tò ò tíì rìn ni?”

Lásúnkànmí fi ọwọ́ kan háńdù nínú àpò rẹ̀. Ó ṣì tutù.

“Kò tíì rìn, Bàbá,” ló wí.

Ọyẹ́ ti lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, Lásúnkànmí a máa dúró lójú fèrèsé, a máa ronú nípa búlọ́ọ̀kù tí kò ní ìbòrí. Bí ó bá rí ẹni tó ti oríta dé, a bi í bóyá ó rí obìnrin kan níbẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ní òun rí i, Lásúnkànmí a jẹun yó lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ní ìyàwó níbì kan.

Lánàá, Sàdíátù fúnra rẹ̀ wá a wálé. Kò jókòó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé wọn. Ohùn wọn ti ń tínrín. Wọn kì í dìde sí mọ́tò mọ́. Láàárọ̀ yìí wọ́n bi mí pé, ‘Kí ni wọ́n ń pè mí?’ Mo ní n kò mọ̀. Bàbá, kí ni orúkọ wọn, kí n lè máa rán wọn létí?”

Lásúnkànmí yíjú sí tapólì.

Mọ́tò wà lábẹ́ tapólì. Kò tíì de háńdù mọ́ ilẹ̀kùn. Kò tíì tú pílásítà kúrò lára rẹ̀. Kò tíì bu epo kún un. Kò tíì jẹ́wọ́ fún Bàbá Fábíyìí pé ẹ́ńjìnnì ti dún. Kò tíì sọ orúkọ náà fún Sàdíátù. Kò tíì lọ sí oríta. Kò tíì pè é.