Ẹni Tó Ń Tẹ̀ Lé Kẹ̀kẹ́ Ferruccio

Ìyá Pierina gbé ife omi mẹ́rin sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta péré ló gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ọtí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: Ferruccio tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Nives, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sáyé, àti Gildo ọ̀rẹ́ Ferruccio, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi tó bá ń gun òkè.

“Màmá, ogbó ti dé o,” Gildo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ ò lè ka èèyàn mọ́?”

“Ẹni yín tó wà níta ńkọ́? Èyí tó wọ aṣọ onírun àgùntàn nínú oòrùn yìí?”

Wọ́n bojú wo ìta. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló fara ti ògiri, ọgbà àjàrà sì tẹ́ lọ rẹrẹ lórí àwọn òkè. Ìyá Pierina mú ife kẹrin, ó da omi inú rẹ̀ nù. Nígbà tí Nives àti Gildo jáde, ó di apá Ferruccio mú.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Òun ló ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọ̀gbun lẹ́yìn òkè San Biagio, nígbà tí mo wà lọ́mọge. Gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń wo táyà rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé e wọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Tó o bá gbúròó ẹnì kan lẹ́yìn rẹ, má júwe ọ̀nà fún un. Tó o bá sì ti júwe, má jẹ́ kó bọ́ síwájú.”

Ferruccio rẹ́rìn-ín, ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Àwọn agunkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹni iwájú á gba atẹ́gùn sáyà fún àwọn tó kù. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á mi ìgbọ̀nwọ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bọ́ sẹ́yìn pátápátá, iwájú á sì kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rí kòtò á na ọwọ́ sẹ́yìn tọ́ka sí i, ẹni tó ń bọ̀ náà á tọ́ka fún ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ọ̀rọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú. Kò sì sẹ́ni tó ń gba iwájú láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda fún un.

Ìgbà ìkórè ni. Omi àjàrà ń kán láti ara àwọn katakata tó ń kó o, títì ń yọ̀, agbọ́n sì ń kùn lórí rẹ̀. Gildo ló wà níwájú, Nives tẹ̀ lé e, Ferruccio ló gbẹ́yìn. Gildo rí kòtò, ó tọ́ka. Nives tọ́ka. Ọwọ́ Ferruccio náà lọ sẹ́yìn, ó ti tọ́ka tán kó tó rántí pé kò yẹ kí ẹnì kankan wà lẹ́yìn òun. Ọjọ́ pẹ́ tí ọwọ́ yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kíá ni òórùn káńfọ̀ bo imú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Gildo mi ìgbọ̀nwọ́, ó bọ́ sẹ́yìn. Ferruccio ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ṣùgbọ́n ó jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ.

“Gildo, sún mọ́ mi, jàre.”

“Ibo ni kí n sún sí? Onírun àgùntàn Màmá Pierina ti dé, òun ló wà láàárín wa. Kò tiẹ̀ kí èèyàn!”

Ọ̀rọ̀ Ìyá Pierina sọ sí Ferruccio lọ́kàn. Ní ìsàlẹ̀ òkè San Biagio, Nives náà yà, ó lọ tò sẹ́yìn Gildo. Iwájú wá kan Ferruccio. Ó yọjú wo abẹ́ apá rẹ̀: táyà tín-ín-rín kan ń bọ̀ lẹ́yìn tirẹ̀, ó ń gba orí òkúta wẹ́wẹ́ láìdún rárá. Bí òun bá yà báyìí, nǹkan yìí ni yóò ṣíwájú ọmọ òun lọ sí ọ̀gbun.

“Ẹ dúró!” ó kígbe.

Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ta ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohùn Ferruccio gan-an ló fi sọ ọ́: “Ẹ máa bọ̀!”

“À ń bọ̀, Bàbá!” Nives dáhùn láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rù ba Ferruccio dé ibi tí ẹ̀rù dé. Ó ń gun òkè náà lọ, itan rẹ̀ ń ta á, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú.

“Ó ti rẹ̀ yín, Bàbá,” nǹkan náà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó kàn mí.”

Ferruccio fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kò jẹ́ kó mì. Wọ́n gorí òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ní kọ́nà ọ̀gbun, táyà rẹ̀ yọ̀ lórí omi àjàrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó tún un ṣe, ó sì gba kọ́nà náà dáadáa. Kò kúrò níwájú títí wọ́n fi dé ẹnu géètì ilé rẹ̀.

“Àgídí yín pọ̀,” Nives ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba iwájú!”

“Ọ̀gbẹ́ni yẹn dà?” Gildo ń wò yíká. “Kò dágbére.”

Ferruccio wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ayọ̀ kún un, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kí wọ́n má baà rí i, ó yíjú, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé lọ. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó tọ́ka sí àtẹ̀gùn.

“Bàbá!” Nives pè é láti ẹnu géètì. “Ọ̀la ńkọ́? Ṣé a tún máa lọ?”

Ferruccio la ẹnu láti sọ pé rárá. Kò rí ohùn kankan lọ́fun rẹ̀. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀:

“A máa lọ, ọmọ mi. Èmi ni n óò ṣíwájú.”