Aṣọ Ìnuwọ́ Inú Àpótí Baba Ẹṣin

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ilé ńlá náà ń sinmi, ni ìránṣẹ́bìnrin kan figbe ta ní yàrá ìkàwé. Ọlọ́lá, àkọ́bí ilé náà, ẹni tó jogún oyè àti ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ti dojú dé orí tábìlì. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Irin tí wọ́n fi ń ko eérú wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹni tó lò ó sì ti nù ún mọ́ tónítóní. Oṣù tó ń bọ̀ ni Ọlọ́lá ìbá gbéyàwó. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyáàfin Àgbà, sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin tó sanra ni, tó máa ń ṣí fìlà fún olówó, tó sì máa ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn tálákà.

"Ta ló ń bá olóògbé ṣọ̀tá?"

Àbíkẹ́yìn, àbúrò kan ṣoṣo tí Ọlọ́lá ní, ló dáhùn. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. "Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi bá Baba Ẹṣin wí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ torí ẹṣin tó ń tiro. Baba Ẹṣin ní Ọlọ́run á dájọ́. Bóyá kẹ́ ẹ yẹ àpótí rẹ̀ wò."

Bóyá! Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, tó bá ti ẹnu ọmọ ilé ńlá jáde, ó ju ìbọn lọ. Wọ́n tú àpótí àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹṣin, wọ́n sì bá aṣọ ìnuwọ́ funfun kan nísàlẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò nídìí tábìlì oúnjẹ ilé ńlá ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Wọ́n fi okùn di Baba Ẹṣin lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí àtìmọ́lé.

"Níbo lo wà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?"

"Ilé ẹṣin, sà."

"Ta ló rí ẹ?"

"Ẹṣin, sà."

Ọ̀gá fọ́ ọ létí. "Ṣé ẹṣin ló máa wá jẹ́rìí ẹ?"

"Òun nìkan ló wà níbẹ̀, sà."

"Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, sà, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀."

Ìgbátí mìíràn ni ìdáhùn. Òfin ibẹ̀ kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ falẹ̀: òṣìṣẹ́ tó bá pa ọ̀gá rẹ̀, okùn ni. Wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin Ọlọ́lá ni wọn yóò yẹgi fún Baba Ẹṣin. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ìyá òkú fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé aṣọ náà jẹ́ ti ilé òun.

Ìyàwó Baba Ẹṣin kò dúró de ìgbà yẹn. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyáàfin Àgbà.

"Mà, ẹ ṣàánú mi. Ọkọ mi ò pa adìyẹ rí. Èmi ni mo máa ń bá a pa á. Ó máa ń lọ dúró sẹ́yìnkùlé títí màá fi tu ìyẹ́ tán."

"Ta ló wá pa ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Tó o bá mọ̀, kó o padà wá." Ó yíjú sí ògiri. Kò kórìíra obìnrin náà. Ìbànújẹ́ ló gba gbogbo àyè inú rẹ̀, kò ku ibi tí yóò fi tẹlòmíràn sí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ọlọ́pàá gbé aṣọ náà wá. "Ẹ ṣáà sọ pé tiyín ni, Mà, ká lè parí iṣẹ́ yìí."

Ìyáàfin Àgbà gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ti mú kó le, kò sì tú. Ẹni tó ká a ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, ó tún ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó wá ki etí rẹ̀ sínú kí àbàwọ́n má baà hàn. Ìyá náà fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ká a báyìí?"

"Rárá, Mà. Bá a ṣe bá a nìyẹn."

Ìyáàfin Àgbà fúnra rẹ̀ ló fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní kíká yẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kanlẹ̀ lórí àga. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í ká aṣọ tí wọ́n bá ti lò, inú agbọ̀n ni wọ́n ń jù ú sí. Ọlọ́lá kò mọ̀ ọ́n ká títí tó fi kú. Ńṣe ló máa ń rún un mọ́lẹ̀ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú ìyá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló gbọ́ràn. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ yanjú ló wá wó ilé yìí.

"Ọ̀gá, ẹ dúró bá wa jẹun," ló wí.

Àwọn mẹ́ta jókòó. Àbíkẹ́yìn ń rọ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ tọ́ nǹkan wò. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo ní." Nígbà tó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó sì ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ láìwò ó: mẹ́ta, méjì, etí sínú. Ìyáàfin Àgbà nawọ́ mú un. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n bára mu bí ìbejì.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹ́?"

Àga ṣubú. Àbíkẹ́yìn ti fò gba ojú fèrèsé jáde. Ó dé ilé ẹṣin, ó fa èyí tó yára jù síta, ó sì ju gàárì sí i lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a dì í? Baba Ẹṣin ló ń bá a dì í láti kékeré, Baba Ẹṣin sì wà níbi tó fi í sí. Ó fi okùn kọ́ra lásán, ó gun orí ẹṣin, ó sì ta á nípàá. Díẹ̀ ló kù kó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀nà ti yà lẹ́nu géètì ni gàárì ti yí lọ sábẹ́ ikùn ẹṣin, Àbíkẹ́yìn sì balẹ̀ gbì. Ẹṣin dúró, ó ń wò ó. Kí ó tó dìde, ọ̀gá ọlọ́pàá ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbéyàwó!" Àbíkẹ́yìn di èjìká ara rẹ̀ mú, ó ń sunkún. "Tó bá bímọ, kí ni màá wá jẹ́? Àbúrò títí ayé? Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Kò tiẹ̀ wojú mi tó ń sọ fún mi pé kí n lọ wá ilé mìíràn gbé." Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀. "Màmá! Ẹ sọ fún wọn pé ojú yín ló ṣì í rí!"

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, Baba Ẹṣin ṣì wà lọ́wọ́ wa. Mo lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò sì ṣeé tu dànù. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ kan tó kù yóò lọ. Bó bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ni yóò kú. Kò sí ọkọ tó lè bi, kò sí ẹ̀gbọ́n tó lè gbà á lẹ́rù. Ó gbọn eruku kúrò lára ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì rò pé òun ti bọ́.

"Ojú mi ò ṣì í rí," ló wí. "Ẹ tú Baba Ẹṣin sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, ariwo ayọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé Baba Ẹṣin. Ìyàwó Baba Ẹṣin di ọkọ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jẹ́ kó jókòó, kò sì fẹ́ jẹ́ kó dúró. Baba Ẹṣin wá dúpẹ́.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Ìyáàfin Àgbà wí. "Mo gbà pé ìwọ ni. Mi ò tiẹ̀ bi ẹ́ léèrè. Jọ̀ọ́, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé mi lọ sí àtìmọ́lé."

Baba Ẹṣin fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn án, níbi tí okùn ti bó o. "Ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ yìí ò tíì lè mú ìjánu."

"Ó dáa. Màá rìn."

Ó rìn ín, láìsí ẹni tó bá a gbé agbòòrùn. Baba Ẹṣin tẹ̀ lé e lókèèrè. Ẹ̀ṣọ́ tuntun kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé, kò mọ̀ ọ́n.

"Ta lẹ wá rí, Mà? Ta lẹ jẹ́?"

"Èmi ni ìyá ẹni tí wọ́n pa," ló wí. "Èmi náà ni ìyá ẹni tó pa á."

Ẹ̀ṣọ́ náà dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.