Epìyà Kì Í Fi Ilé Rẹ̀ Sílẹ̀ Fún Àlejò

Ẹja ni Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó gbé e dání. Ẹja kan ṣoṣo ni, ara rẹ̀ dú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, ó ń yí po nínú ọ̀rá omi tí ọkùnrin kan gbé sókè sí oòrùn ní gáréèjì Ìlaró. Èrò ń kọjá, agbèrò ń pariwo, ọkùnrin náà kò wo ẹnì kankan. Ó kàn ń fi ọwọ́ rọra gbọn ọ̀rá náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja yín ti ń mí lókè omi," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Kò ní pẹ́ kú."

"Mo mọ̀, àǹtí. Òun nìkan ló kù. Àwọn yòókù ti kú sọ́nà."

Alfred ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pọ́bẹ̀ lódìkejì ààlà ni, ẹja ọ̀ṣọ́ ló máa ń gbé láti Kùtọnu lọ sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba ti ààlà pa, àyẹ̀wò ojú ọ̀nà sì dá ọkọ̀ wọn dúró títí omi inú ọ̀rá fi gbóná. Rẹ̀mílẹ́kún ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú, ó sì ní àpótí gíláàsì tó fi ń sin epìyà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ máa bọ̀," ló wí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwé, wọ́n tú ẹja àlejò náà sínú omi. Ìbátan epìyà ni, àwọ̀ ló fi yàtọ̀. Ṣùgbọ́n akọ epìyà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ sọ ní Ọ̀gá, kò fẹ́ mọ ìbátan kankan. Ó fẹ ara rẹ̀ bí àkùkọ tó fẹ́ jà, ó kọlu àlejò, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo aró ara ẹja Alfred fi ṣí, ó funfun, ó há mọ́ igun.

"Ó máa pa á." Alfred ti ń ká apá aṣọ rẹ̀.

"Ẹ má gbé e jáde." Rẹ̀mílẹ́kún ki ọwọ́ bọ omi, ó hú gbogbo òkúta inú àpótí, ó tún wọn tò síbòmíì. Omi dàrú. Nígbà tó tòrò, Ọ̀gá ń wá ilé rẹ̀ kiri, kò rí i. Kò mọ ibi tí yóò máa ṣọ́ mọ́, ìyẹn ni kò fi ráyè lé ẹnikẹ́ni. Kó tó mú igun kan, àlejò ti mú igun tirẹ̀, aró ara rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo bá fọ ilé ẹ̀ ni kì í jà. Kò kórìíra ẹnì kankan, ẹ̀rù ló ń bà á kí ibi tó mọ̀ sí tirẹ̀ má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Alfred rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ Rẹ̀mílẹ́kún lára.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń wá wo ẹja rẹ̀. Ohun tó wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fín lọ́fínńdà nítorí ẹja? Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń wo Ọ̀gá bó ṣe ń fi ẹnu kó yanrìn, tó ń gbẹ́ kòtò, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ níwájú abo kan. Abo náà wò ó, ó wo kòtò, ó kẹ̀yìn sí i.

"Kí ló tún ń fẹ́?" ni Alfred bi í.

"Kòtò yẹn ò jìn tó. Ijó nìkan kọ́ la fi ń gbé ìyàwó." Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti gbẹ́?"

"Ṣẹ́rì mi, fún mi láyè. Mò ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe ń pe olólùfẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Rẹ̀mílẹ́kún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dé ilé.

Ilé ni wàhálà wà. Bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ Oyèwọlé, ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná ọ̀nà Kùtọnu. Tó bá sọ̀rọ̀ ní gáréèjì Ìdí-Ìrókò, awakọ̀ tó lè dá a lóhùn kò wọ́pọ̀. Ní báyìí tí ààlà ti wà ní títì, koríko ti hù yí táyà ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ni ọmọ. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni bàbá yìí ń jókòó sórí àga kan tó kọjú sí ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde.

Lọ́jọ́ tí Alfred wá fara hàn án, òun nìkan ló wá, nítorí àwọn àgbà ilé rẹ̀ wà lódìkejì ààlà. Bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í dá lọ tọrọ ọmọ. Èyí tó burú jù ni pé bàbá wà nínú yàrá nígbà tó wọlé. Alfred rí àga tó ṣófo, ó sì jókòó sí i.

Bàbá jáde, ó dúró, ó wò ó.

"Dìde níbẹ̀."

Alfred dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àwọn èèyàn ẹ dà?"

"Wọ́n wà ní Pọ́bẹ̀, bàbá. Ọ̀nà ni ò..."

"O ò léèyàn, o wá gorí àga mi. Máa lọ. Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ ẹ níbí, ohun tójú ẹ bá rí, ìwọ lo fà á."

Rẹ̀mílẹ́kún rí bí àwọ̀ ojú Alfred ṣe ṣí, bíi ti ẹja yẹn gẹ́lẹ́. Ó dùn ún wọra. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Kí ló fẹ́ sọ? Ó máa mú ẹ kọjá, wọ́n á ti ààlà, èmi á máa dá wo ògiri níbí. Tó bá jẹ́ òun lo fẹ́, tẹ̀ lé e, má padà wá mọ́."

Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ Alfred. Kò sì lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó sunkún títí, kó tó rántí òkúta inú omi. Ó pe Alfred lórí fóònù.

"Wá àgbàlagbà kan, ibi yòówù kó wà. Kẹ́ ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú."

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá pálọ̀ lófìfo, omi wà nílẹ̀. Gbogbo àga wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nínú àgbàlá. Rẹ̀mílẹ́kún ti bọ́ tìmùtìmù wọn, ó ti fọ̀ ọ́ sá, àga kò sì yàtọ̀ síra mọ́.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Mò ń fọ pálọ̀ ni, bàbá."

"Àga mi dà?"

Kó tó dáhùn, wọ́n gbọ́ "Ẹ kú ilé o." Bàbá arúgbó kan ló wọlé, eruku ti bò ó dé orúnkún, Alfred sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Oyèwọlé bọ́ sí àgbàlá, ó fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ kó tó lé wọn. Ó wo àga yìí, ó wo tọ̀hún, kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Arúgbó náà jókòó sí ọ̀kan, ó fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e. "Ẹ jókòó tì mí. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà."

Bàbá jókòó.

"Ọ̀jẹ̀túndé lorúkọ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ yìí. Wọ́n ní ó dá wá, mo ní kí n wá jẹ́ èèyàn ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn láti Pọ́bẹ̀?"

"Mo gun ọ̀kadà díẹ̀, mo rin èyí tó kù. Àwọn agbófinró tú àpò mi, wọ́n rí obì àti orógbó, wọ́n ní kí n máa lọ. Bàbá mi ń rin ọ̀nà yẹn kí ààlà tó débẹ̀."

Bàbá Oyèwọlé wo ẹsẹ̀ arúgbó náà tí eruku bò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Alfred tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ló kọjú sí, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́.

"Bí wọ́n bá tún ti ààlà, ibo ni màá ti rí ọmọ mi?"

"Ní Ìgbógílà, bàbá, kò sí ààlà láàárín ibẹ̀ àti ibí. Mo ti gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá máa sin ẹja tí mò ń rà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la máa gbé."

Rẹ̀mílẹ́kún wo àtẹ́lẹwọ́ Alfred. Ó ti bó.

"O ti gbẹ́ ẹ?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ṣebí mo ní mò ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ó ti jìn tó báyìí."

Arúgbó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèwọlé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gba obì, ó là á, ó fún Alfred ní awẹ́ kan.

Nígbà tí pálọ̀ gbẹ, àwọn ọkùnrin kó àga wọlé. Bàbá gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní tòun nìyẹn, ó sì gbé òmíràn sí ojúkọ ilẹ̀kùn, níbi tí tirẹ̀ máa ń wà. Alfred dúró, kò mọ ibi tí yóò fara sí.

"Jókòó síbẹ̀," ni bàbá wí.

Alfred wo Rẹ̀mílẹ́kún. Omijé ti kún ojú ọmọbìnrin náà, ó mi orí sí i pé kó jókòó. Alfred jókòó.