Búrẹ́dì Abẹ́ Eérú

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ bi àwọn tó kàwé léèrè ìdí tí òkè fi ń pọ iná. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú ìyàwó oníbúrẹ́dì ló sì ṣe.

Òkè ayọnáyèéfín ló wà lẹ́yìn ìlú wọn. Bó bá kùn, wọn á rẹ́rìn-ín: "Bàbá àgbà tún ti ń hanrun." Ìlú ọlọ́gbọ́n!

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì, ìyàwó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkọ kò kúrò nídìí ààrò. "Ta ló ń fi búrẹ́dì sínú iná sá lọ? Máa lọ, mò ń bọ̀."

"Ṣé búrẹ́dì ló máa sin yín ni?"

"Ẹnu rẹ mú ju ọ̀bẹ mi lọ. Ó kù díẹ̀ kó jinná."

Ìyàwó lọ. Kò tíì jìnnà tí ọ̀sán gangan fi ṣú dùdù. Eérú gbígbóná ya bo ìlú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣègbé. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, ó padà wá pẹ̀lú àbúrò ọkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tí obìnrin náà sọ ní Agùntáṣọọ́lò. Egungun ọkọ rẹ̀ ló ń wá, kí ó lè sin ín, kí ọmọ lè rí ibojì pè ní bàbá.

Eérú ti le bí òkúta. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí.

Kó, kó.

"Agùntáṣọọ́lò, ẹ yéé fi ṣọ́bìrì ṣeré."

"Ìyàwó wa, èmi kọ́." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

Kó, kó. Abẹ́ ilẹ̀ ni. Obìnrin náà mọ ìró yẹn. Báyìí ni ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fi ìka lu ìdí búrẹ́dì, láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti jinná. Èyí tí kò bá jinná, á dá a padà sínú ààrò.

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba inú ihò náà jáde. Agùntáṣọọ́lò ju ṣọ́bìrì nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn, ẹ ò lè gbà pé ó lè sáré bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà dá dúró. Ó kúnlẹ̀, ó gbétí sílẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi?"

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an:

"Kò tíì jinná."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí eérú. Egungun ló wá kó. Èyí tó ń fọhùn yìí ńkọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sin ín?