Ìwé Pupa Kan Tó Kù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò fa ìwé, Màmá Bua kò jẹ́ kí ohun pupa kankan wọ inú ilé. Ó ṣa ata àti tòmátì kúrò nínú ìbẹ́pẹ àìpọ́n tó gún fún oúnjẹ àárọ̀. Ó ká aṣọ ìnura pupa kúrò lórí okùn. Nígbà tí àkùkọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ bàtà lù ú nítorí ogbe orí rẹ̀.

"Màámi, ṣé àkùkọ ló máa bá mi fa ìwé ni?" Mek bi í.

"Pa ẹnu ẹ mọ́, kó o jẹun. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹyin sísè lójúbọ. Dúdú ni wàá fà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Thailand. Bí oṣù kẹrin bá dé, gbogbo ọmọkùnrin tó bá pé ọdún mọ́kànlélógún yóò lọ ki ọwọ́ bọ àpótí. Ẹni tó bá fa ìwé dúdú, ó di ilé. Ẹni tó bá fa pupa, ó di bárékè, iṣẹ́ ológun ọdún méjì gbáko.

Bàbá Kham, bàbá tó bí Màmá Bua, ti ṣe ológun rí, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. "Dandan ló dáa," ó ní, bó ṣe ń ṣù òkèlè ìrẹsì lọ́wọ́. "Nígbà tèmi, ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ àgbẹ̀, ilẹ̀ kan náà la jọ ń sùn."

"Bàbá, ọmọ ọlọ́rọ̀ wo lẹ rí níbi àpótí lọ́dún tó kọjá?" Mek bi í. "Ohun téèyàn bá fi tìfẹ́tìfẹ́ ṣe ló ń yọrí sí rere. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù."

"Ta ni yóò wù?"

"Ẹni tí kò ní ẹrù lọ́rùn."

Bàbá Kham rẹ́rìn-ín. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni bíi tìẹ nìyẹn, àbí?"

Mek mu omi. Lóòótọ́, kò ní aya, kò ní ọmọ, àmọ́ ó ti rí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ní ìlú Khon Kaen, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Alùpùpù kan dún níta. Tui ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí òun náà yóò fa ìwé lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú Nuan ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, oyún oṣù méje níwájú rẹ̀.

"Lọ́yà! Jáde wá, ilé ẹjọ́ ti jókòó!" Tui pariwo. Ó ń fi iyàn jíjà Mek ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà tí àrùn ti dá bàbá rẹ̀ sórí ẹní ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, oko ìrẹsì náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ nìkan.

Gbọ̀ngàn náà gbóná bí ààrò. Àwọn ìyá jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mọ́kàndínlógójì sì wà níwájú. Ọ̀gágun kan tó wọ awò ojú mú gbohùngbohùn.

"Ẹni mẹ́fà la fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀, kó dìde. Bó o bá ní ìwé ẹ̀rí girama, ọdún kan péré ni wàá ṣe. Bí o kò bá ní in, ọdún méjì náà ni."

Ọmọkùnrin márùn-ún dìde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn.

"Ó ku ẹyọ kan!" ọ̀gágun kígbe. "Bí ẹnì kan bá tún dìde, mi ò ní gbé àpótí yìí jáde. Gbogbo yín ẹ máa lọ jẹun nílé. Ẹnì kan péré!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Mek ní ìwé ẹ̀rí girama. Ọdún kan rẹ̀ lè ra ọdún méjì Tui padà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún ṣírò: ọmọkùnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìwé pupa kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò dájú pé òun ni yóò kàn, kò sì dájú pé Tui ni. Tui wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára gbójú kúrò. Kò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gágun bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mek wo bàtà rẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí jáde. Ẹni àkọ́kọ́ fa dúdú, ẹnì kejì fa dúdú. Tui ló ṣe ìkọkànlá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo ayé rí i pé òfìfo ni, ó ki ọ̀kan bọ inú àpótí, ó sì fa tirẹ̀ fún ọ̀gágun.

"Pupa!"

Nuan kò sunkún. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ariwo ayọ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn, nítorí pé àwọn tó kù ti bọ́. Wọ́n ń fò, wọ́n ń ju fìlà sókè. Mek kò tilẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpótí. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń dúpẹ́, ó ń jó.

Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mek já ara rẹ̀ gbà, ó sáré dé ibi tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n lọ dípò ẹ̀. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Ìyàwó ẹ̀ lóyún."

Ọ̀gágun yọ awò ojú rẹ̀. "Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín. Orúkọ ẹ̀ ti wọ ìwé. Kì í ṣe ẹ̀wù tí wọ́n ń bára wọn pààrọ̀."

Tui wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, Mek," ó ní. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Màmá Bua gbé ẹyin wá láti ojúbọ. Mek kò lè gbé ọ̀kan mì.

"Kí ló dé? Ṣé èmi ni mo fa pupa fún un ni? Ṣé mo ṣẹ̀ tí mo bá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ mi?"

"Ẹ ò ṣẹ̀, Màámi. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Òjò dé, Tui sì ti wà ní bárékè. Mek ránṣẹ́ sí Khon Kaen pé òun kò ní lè wá mọ́, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ó wọ oko Tui, ó ro ó, ó sì ń gbin ìrẹsì náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nuan a máa gbé omi mímu sórí ebè fún un, a sì yí padà sílé. Ọjọ́ kan ló la ẹnu.

"Bọ̀dá Mek, mi ò ṣépè fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n sọ pé kò sí nǹkan."

"Mi ò retí ẹ̀," Mek dáhùn, ó sì tún tẹ̀ ba.

Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún kejì sún mọ́lé, àwọn tó kàn láti fa ìwé ń jiyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mek ń kọjá lọ, ó gbé ọmọbìnrin Tui, ọmọ oṣù mẹ́wàá, sí ìbàdí.

"Bọ̀dá Mek, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iyàn jà, èwo ló dáa: dandan, àbí ẹni tó bá wù?"

Mek dúró. "Mo ṣì ní ẹni tó bá wù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ojú ẹlòmíì ni mo ń wò. Ẹni tó bá ní kí ẹrù jẹ́ ti ẹni tó bá wù, kó mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tí wọ́n ń bi. Bí gbogbo wa bá jókòó, ẹni tí kò lágbára rẹ̀ ló máa gbé e."

Ọmọ náà fọwọ́ kan àgbọ̀n Mek. "Bàbá," ó ní.

Àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín. Mek kò rín. Ó yọ fóònù, ó ṣí àwòrán Tui pẹ̀lú orí fífá, ó sì gbé e síwájú ọmọ náà. "Rárá o. Bàbá ẹ nìyí. Wò ó dáadáa."

Ọmọ náà wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí Mek, ó sì tún pè é ní bàbá.