Wákàtí Kan Láàárín Malta àti Cyprus

"Wind ni jàre, Inúolúwa. Just write wind." Dèjì, ọmọ kíláàsì mi, ti gbé ìwé rẹ̀ síwájú mi kí n tó dáhùn.

Inú basement wọn, yàrá abẹ́ ilé, la wà ní Martindale, àdúgbò wa lókè òkun níbí, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí ilé ṣáá. Mrs. Caroline, olùkọ́ wa, ló fún wa níṣẹ́: ká wá bí pápákọ̀ òfurufú Malta ṣe jìnnà sí ti Cyprus tó, àti iye wákàtí tí bàálù ń lò lójú ọ̀nà. Erékùṣù ni méjèèjì, inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ni yóò lọ wo ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù. Ẹnì kan péré ni o! Ó wù mí débi pé mò ń lálàá rẹ̀.

Wíwá bí wọ́n ṣe jìnnà síra kò le: ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán kìlómítà. Àkókò ló rú mi lójú. Bàálù kúrò ní Malta ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó balẹ̀ sí Cyprus ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn. Nígbà tó ń padà, ó gbéra ní aago méjì ààbọ̀, ó sì dé Malta ní aago mẹ́rin. Wákàtí kan ààbọ̀ péré! Ọ̀nà kan náà, bàálù kan náà. Kí ló wá ń lé e bọ̀ wálé?

Ọkàn mi kò gba ohun tí Dèjì sọ, pé afẹ́fẹ́ ló ń tì í, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì la máa kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́. Mo wo ti Dèjì kọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, ní aago mẹ́jọ, ìyá àgbà pè wá láti Abẹ́òkúta. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù bí Mọ́mì ṣe kọ́ wa.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ kẹ̀? Aago mẹ́ta ti lù níbí, ọmọ yìí. Ẹ káàsán là ń kí èèyàn!"

Mo fò dìde. "Grandma, that's it! Aago Malta àti ti Cyprus ò dọ́gba!"

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, aago Cyprus fi wákàtí kan ṣíwájú ti Malta. Mo yọ wákàtí kan kúrò nínú àlọ, mo fi kan kún àbọ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni méjèèjì! Inú mi dùn títí mo fi rántí ohun tí mo ti kọ fún olùkọ́.

Ní Mọ́ńdè, Mrs. Caroline ní ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe lè sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Excellent! So why did you write wind?"

Dèjì ń wo ilẹ̀. Mo lè purọ́ pé èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.

"I copied it," mo ní. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Adébùnmí, ọmọ kíláàsì wa tó ti gba tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló lọ wo ilé gíga náà. Ó dùn mí wọra, mo sunkún nínú train títí mo fi délé.

Nígbà tí mo rò ó fún ìyá àgbà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "O ṣeun tí o ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń sọ̀rọ̀, o ò sì bi mí ní nǹkan kan. Abèèrè kì í ṣìnà, ọmọ mi."

Òótọ́ ni. Bí mo bá ti béèrè dípò kí n wo ti ẹlòmíì kọ, èmi ni ǹ bá lọ. Ní báyìí, kí ìyá àgbà tó pè, mo ti máa ń ṣírò aago wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pè, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lọ́dọ̀ wa, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."