Ọjọ́ Ọjà Tí Kọ̀ǹpútà Kà

Ìjà ni èmi àti Mùkáílà fi pàdé. Ọdún 2005 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì, mo padà sí Ìkọ̀lé, mo sì bá ọkùnrin gíga kan nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé bàbá mi. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ Bàbá, ó to kọ̀ǹpútà mẹ́fà sí i, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ lo íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo san owó ìdajì wákàtí. N kò tíì jókòó dáadáa tí iná fi lọ. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó rí jẹnẹrétọ̀ tàn, síbẹ̀ ó ní àkókò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ẹ̀rọ yín ń jí àkókò àwọn ènìyàn," mo sọ fún un.

"Ẹ̀rọ kì í jalè, arábìnrin. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Ẹni tó ṣe é kò mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Ìkọ̀lé. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó dìde. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Mo ní n ó rò ó wò. Irọ́ ni mo pa, mo ti gbà nínú ọkàn mi kí ó tó pa ẹnu dé.

Ọkọ̀ àwọn tó ń ti Ìlọrin wá ra ẹ̀gẹ́ ni ó fún wa ní iṣẹ́ gidi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n máa ń dúró sí láti béèrè ọjà tó kàn: ṣé Òmù ni, àbí Ìfàkì? Nígbà mìíràn wọ́n á rìn débẹ̀ kí wọ́n bá ọjà tó ti kọjá. Mo kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, mo fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, a sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lálaalẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ọjà ọ̀la àti iye tí wọ́n ta ẹ̀gẹ́ kẹ́yìn. Bàbá mi, Alhaji Jàmálù, ti ra kòkó káàkiri agbègbè wa fún ogójì ọdún. Òun ni mo ń bi ní ọjọ́ ọjà, èmi náà ni mo ń fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sí i.

Láàárín iṣẹ́ yìí ni ìfẹ́ wọlé. Mo nífẹ̀ẹ́ Mùkáílà débi pé bí ó bá lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ojú mi á máa wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ èrè nìkan ni kì í jẹ́ kí a gbádùn ara wa.

"Àjọkẹ́ mi, ọ̀fẹ́ yìí kì í ṣe òwò. Owó tí mo ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń jẹ."

"Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọkàn tán wa. Ètò tí kò tíì pé, mi ò lè gbowó lé e."

"Ìgbà wo ló máa pé?"

"Ìgbà tí mo bá ní ó pé."

Ní ọjọ́ tí ó lọ sọ fún Bàbá pé òun fẹ́ kó àwọn ènìyàn òun wá tọrọ mi, Bàbá kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo rí uṣẹ́ yín, ọmọ mi, mi ò rí èrè rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i, kó àwọn ará ulé rẹ wá."

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Mùkáílà kò ti balẹ̀ mọ́. Ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n gbà láti máa san náírà mẹ́wàá lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń sanwó lé ní igba, Bàbá sì ní kí ó máa bọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọjà tí mo ń tẹ̀ wá pọ̀ jù fún ọwọ́ mi. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ka ọjọ́ fúnra rẹ̀. Mo jókòó ti Bàbá, mo ń bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Òmù ńkọ́?"

"Ọrọọrún ni."

Mo kọ márùn-ún.

Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ètò náà wò. Mùkáílà kọ̀. "Àwọn ará ilé mi ti mú ọjọ́. Bí a bá dá owó dúró nísinsìnyí, kí ni mo fẹ́ fi han Alhaji?" A jà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbà fún un, torí pé èmi náà ń fẹ́ ìgbéyàwó yẹn ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ Òmù kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú sílẹ̀ dé ọjà. Ọkọ̀ kankan kò wá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ọlọ́kọ̀ dé, ewúrẹ́ ni wọ́n bá lábẹ́ àtíbàbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn àgbẹ̀ méje wọ àgbàlá wa. Bàbá Morákinyọ̀, olórí wọn, kò jókòó. Ó mú ẹ̀gẹ́ kan jáde láti inú àpò, ó fi àdá là á sí méjì níwájú Bàbá mi. Inú rẹ̀ ti dú.

"Alhaji, gbogbo tiwa rè é. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní inú ulé yín ni wọ́n ti sọ fún wọn pé Sátidé ni."

Mo la ẹnu, Mùkáílà sì ti ń sọ̀rọ̀. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo tẹ ọjọ́ náà. Àjọkẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ojú Bàbá yí padà sí i. Mo rí i kedere pé bí mo bá dákẹ́, Mùkáílà ti pàdánù mi nìyẹn. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gba iṣẹ́ ọwọ́ mi gbọ́ ní gbogbo Ìkọ̀lé?

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Kò kọ lẹ́tà kan nínú ètò yẹn. Èmi ni mo kọ márùn-ún fún Òmù."

"Ṣé kì í ṣe márùn-ún ni?" Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń fi ìka kà á. "Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Márùn-ún."

"Ẹ ti ka Ajé mọ́ ọn, Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà gan-an. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í kà á mọ́ ọn. Ìṣẹ́gun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá parí rẹ̀ sí Sátidé. Ó yẹ kí n mọ̀."

Bàbá wo ìka ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó wo Mùkáílà.

"O purọ́ fún mi nínú ulé mi."

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni, sà."

"Ọjọ́ mìíràn, ta lo máa purọ́ fún? Má kó ẹnikẹ́ni wá síbí mọ́."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Mùkáílà kọ̀ láti wojú mi. "Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n gbà á rù fún ọ? Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ báyìí."

"Bí o bá ń ru àṣìṣe mi, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo ṣe dáadáa? Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mùkáílà. Mi ò fẹ́ kí o purọ́ nítorí mi."

Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo sunkún dáadáa, n kò ní tijú sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ọ̀kadà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. "Gùn ún. Òmù là ń lọ."

Ilé dé ilé ni a lọ. Èmi ni mo ń sọ àṣìṣe mi, òun ń sọ irọ́ tirẹ̀. Gbogbo èrè oṣù mẹ́ta wa ni a fi dí àdánù wọn. Àwọn kan bú wa, àwọn kan fún wa lómi mu. Bàbá Morákinyọ̀ kàn ń wò wá.

A padà sí ọ̀fẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi tẹ ọjọ́ ọjà pẹ̀lú ọwọ́, tí mo ń fi ti kọ̀ǹpútà wé ti Bàbá. Bàbá ń dá mi lóhùn. Mùkáílà kí i títí, "pẹ̀lẹ́" nìkan ló ń gbọ́. Ètò náà kò ṣì mọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti pé," mo sọ fún Mùkáílà. "Kí wọ́n máa sanwó."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àjọkẹ́."

"Ó ń ba èmi náà. Gba owó."

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti ń sanwó, Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ ibẹ̀ rí láti ọjọ́ ẹ̀gẹ́ yẹn. Ó mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó mú ogún náírà lọ́wọ́ kejì. Mùkáílà dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Bàbá Morákinyọ̀ ti sọ fún mi ibi tí ẹ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà mi sí i, kí ẹ máa fi ọjọ́ ọjà ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ̀yin kọ́ ni a máa gbowó lọ́wọ́ yín, sà. Ọ̀fẹ́ ni tiyín."

"Ọ̀fẹ́?" Bàbá ṣì na owó náà sí i. "Kí lo wá fẹ́ máa fi bọ́ ọmọ mi?"

Mùkáílà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bàbá kò kúrò lójú kan.

"Náírà mẹ́wàá ni mo gbọ́. Ṣéńjì mi dà?"

Ó fún un. Bàbá ká a sínú àpò. "Àwọn ará ulé rẹ lè wá ní ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n tètè dé." Ó yíjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà rẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́ta ni mo ní kí ó tún un pè, torí omijé kò jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń tẹ̀.